Ẹ wo erékùṣù tí eku ti ń jẹ ẹyẹ láàyè!

Bí ẹnì kan bá dìde láàárín àwùjọ, tó ní òun mọ ibì kan tí eku ti ń pa ẹyẹ jẹ, wọ́n á ní kó rọra máa mu ọtí. Bó bá wá fi kún un pé ẹyẹ tí òun ń wí yìí kì í ṣe ológoṣẹ́, kì í ṣe àdàbà, pé òun ni ẹyẹ tí apá rẹ̀ gùn jù lọ nínú gbogbo ẹyẹ tó ń bẹ láyé, pé bó bá na apá méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó àgbàlagbà méjì tó dùbúlẹ̀ tẹ̀léra wọn, wọ́n á ní kí wọ́n bá a pe àwọn ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ibẹ̀ ń bẹ, ó sì lórúkọ.

Marion lorúkọ erékùṣù náà. Ẹ má rò pé ìjọba òyìnbó ló ń ṣàkóso rẹ̀ o. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ilẹ̀ Mandela, ló ni ín, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ló sì ń lọ gbé ibẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń ṣọ́ ojú ọjọ́, tí wọ́n ń ka ẹyẹ, tí wọ́n ń sàmì sára ẹran omi. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ọba, kò sí baálẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe ibẹ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀. Ibùdó ìwádìí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà sì ni gbogbo ìlú.

Ìtàn ibùdó yẹn la fẹ́ sọ lónìí, àti ìtàn eku, àti ti ológbò márùn-ún tí àwọn èèyàn gbé débẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn lé eku. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ẹni tó bá ti yá owó láti fi san gbèsè rí, kò ní í ṣòro fún un láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Marion.

Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, báàlúù kò sì lọ

Inú agbami òkun ni Marion wà, láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà nísàlẹ̀ ayé pátápátá. Láti Cape Town síbẹ̀ lé ní 2,000 kìlómítà, omi sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ò ní í rí abúlé kan lọ́nà, ẹ ò ní í rí igi kan.

Báàlúù kankan kì í balẹ̀ síbẹ̀. Láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n fẹ́ la pápá ọkọ̀ òfuurufú síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú-tòde, wọ́n ní ìpalára tí yóò ṣe fún ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ ibẹ̀ yóò pọ̀ jù, ni wọ́n bá pa á tì lọ́dún 1987. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù. Èyí tó ń ná ọ̀nà náà báyìí ni wọ́n ń pè ní SA Agulhas II. Orílẹ̀-èdè Finland ni wọ́n ti kàn án, ọdún 2012 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lágbára débi pé ó lè fọ́ yìnyín kọjá lójú omi. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin ọdọọdún, á gbéra ní Cape Town pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ lọ gbé ibùdó náà fún ọdún tuntun, pẹ̀lú oúnjẹ, epo àti irinṣẹ́ wọn. Bó bá ń bọ̀, á kó àwọn ti ọdún tó kọjá padà wálé.

Bí òkun bá gbà fún wọn, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni wọ́n máa ń lò. Ṣùgbọ́n òkun apá ibẹ̀ kì í sábà gbà. Ìjì tó ń jà níbẹ̀ máa ń yí gbogbo ayé po ni, kò sí ilẹ̀ gidi tí yóò dá a dúró lọ́nà, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ fi bíbú ramúramù sọ agbègbè òkun náà lórúkọ. Ẹni tó bá ń fọ́nnu pé òun kì í bì nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni kó lọ dán an wò. Bí wọ́n bá tún dé ọ̀hún, kò sí èbúté. Òkúta ni gbogbo etí omi, ìgbì sì ń gbá a lọ́tùn-ún lósì. Hẹlikọ́pítà tó wà lórí ọkọ̀ náà ni yóò máa gbé èèyàn lọ sílẹ̀, tí yóò so ẹrù mọ́ abẹ́, tí yóò lọ, tí yóò bọ̀, títí tí ẹrù ọdún kan yóò fi tán.

Bóyá ẹnì kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti ń ronú pé bóun bá rówó, òun yóò lọ wo ibẹ̀. Ẹ gbàgbé ẹ̀. Láti ọdún 1995 ni ìjọba ti fi òfin dáàbò bo ibẹ̀, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wá ṣe afẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, BirdLife South Africa, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ, kó èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sínú ọkọ̀ ńlá kan, wọ́n lọ wo ẹyẹ lágbègbè náà. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2025. Pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n san, inú òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ ẹnì kankan kò kan ilẹ̀ Marion.

Àfòpiná tí kò lè fò

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Òkè ayọná ni gbogbo erékùṣù náà. Láti ìsàlẹ̀ òkun ló ti yọ iná títí ó fi yọrí sókè, kò sì tíì kú. Ó yọ iná lọ́dún 1980, ó tún yọ ọ́ lọ́dún 2004. Fífẹ̀ ilẹ̀ náà jẹ́ 290 kìlómítà níbùú lóòró, orí òkè tó ga jù níbẹ̀ sì ga tó 1,230 mítà.

Tó bá jẹ́ ti òtútù, ẹ ṣí fíríìjì yín, kí ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó ṣe rí nínú fíríìjì yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìta Marion ṣe máa ń rí, torí pé ìdíwọ̀n ooru ibẹ̀ láti January dé December kò ju nǹkan bíi 6 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wá fi òjò sí i, ẹ fi kùrukùru sí i, kí ẹ tún fi ìjì tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú sí i. Igi kankan kò hù níbẹ̀. Ewéko kéékèèké ló wà, wọ́n fẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní, nítorí èyí tó bá yọrí sókè, afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́ níyà. Kódà àwọn kòkòrò ibẹ̀ ti gbọ́n. Irú àfòpiná kan wà níbẹ̀ tí kò lè fò mọ́ rárá. Èyí tó bá fò lára wọn láyé ọjọ́un, inú òkun ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, àwọn tí kò fò ló rí ayé gbé, àwọn ló sì bímọ. Àfòpiná di arìnlẹ̀!

Ṣùgbọ́n etí omi ibẹ̀ kún bí ọjà ọjọ́ ọdún. Àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún bí ọmọ iléèwé tí wọ́n tò fún àdúrà òwúrọ̀. Àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní síìlì tẹ́ ara wọn sílẹ̀ sórí òkúta, tí akọ kan lára irú èyí tó tóbi jù lè wúwo tó mọ́tò méjì. Lókè díẹ̀, lórí koríko, ni àwọn albatross ń yé sí. Bí a bá kó gbogbo albatross alárìnkiri tó wà láyé jọ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló jẹ́ pé Marion ni wọ́n ti ń pamọ.

Àlejò tó lọ tó gbàgbé ẹrù sílẹ̀

Kí ọmọ èèyàn tó débẹ̀, kò sí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kankan tó ń gbé orí ilẹ̀ náà. Èyí ló jẹ́ kí àwọn ẹyẹ ibẹ̀ máa yé ẹyin sórí ilẹ̀ lásán tàbí sínú ihò, láìfi ohunkóhun ṣe.

Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Barent Barentszoon Lam, rí àwọn erékùṣù náà lọ́dún 1663, ṣùgbọ́n ibi tó sọ pé wọ́n wà kọ́ ni wọ́n wà, ni kò bá sí ẹni tó rí wọn mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1772, ọ̀gá atukọ̀ ará Faransé kan, Marc-Joseph Marion du Fresne, tún ṣalábàápàdé wọn. Ilẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀ ayé ló ń wá, ó rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn Màórì pa á ní New Zealand. Orúkọ rẹ̀ ni erékùṣù ńlá náà ń jẹ́ dòní. Lọ́dún 1776, Captain Cook tí gbogbo ayé mọ̀ kọjá níbẹ̀, ó sì fi orúkọ Prince Edward, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ wọ́n.

Àwọn wọ̀nyí kò ṣe ibẹ̀ ní nǹkan kan. Àwọn tó ba nǹkan jẹ́ ni àwọn ọdẹ síìlì tó tẹ̀lé wọn, tí wọ́n ya débẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Awọ síìlì ń pa owó nígbà náà, òróró ara rẹ̀ sì ń tan fìtílà. Wọ́n pa wọ́n títí tí síìlì onírun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ń kó awọ wọkọ̀, ni eku ilé bọ́ láti inú ọkọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó ka eku sí. Àwọn ọdẹ lọ, síìlì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ padà, ṣùgbọ́n eku kò lọ mọ́.

Wọ́n fi òru gba ilẹ̀

Ogun àgbáyé kejì parí tán, Bìrìtìkó àti Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé orílẹ̀-èdè mìíràn lè lọ gbẹ́sẹ̀ lé erékùṣù tí kò sí olùgbé kankan níbẹ̀ yìí. Wọ́n fọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí. Ní ìparí ọdún 1947, ọkọ̀ ogun Transvaal yọ́ kúrò ní Cape Town. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n kéde pé Marion ti di ti Gúúsù Áfíríkà. Ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Prince Edward, èyí tó kéré. Ẹ ò rí nǹkan! Ọdún 1948 yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kalẹ̀ wọlé ìbò.

Kí ilẹ̀ má bàa ṣófo ni wọ́n ṣe kọ́ ibùdó, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún un ni wíwọn ojú ọjọ́ nínú agbami tí kò sí ẹlòmíràn tó ń wọ̀n ọ́n. Láti ọdún 1965 ni àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ, ẹranko àti ewéko, tí ọ̀jọ̀gbọ́n E. M. van Zinderen Bakker jẹ́ olórí wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí gidi níbẹ̀. Kò dáwọ́ dúró mọ́. Lọ́dún 1983, fún àpẹẹrẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sára àwọn ọmọ síìlì ńlá bí wọ́n bá ti ń bí wọn, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún láti ìgbà náà. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n lè nawọ́ sí síìlì kan kí wọ́n sọ ọdún tí wọ́n bí i, àti ọdún tó bímọ tirẹ̀. Àwọn mìíràn kò mọ ìtàn ẹbí tiwọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí kan tún wà tó ń jà ràn-ìn nípa agbègbè náà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Vela rí ìmọ́lẹ̀ kan tó bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀mejì lápá ibẹ̀, irú èyí tí àdó olóró núkílíà máa ń mú wá. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àdó olóró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà, wọ́n ní Ísírẹ́lì ló dán bọ́ǹbù wò níbẹ̀, bóyá Gúúsù Áfíríkà sì mọ̀ sí i. Ohun tó dájú ni pé lọ́dún 1993, Ààrẹ de Klerk fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé orílẹ̀-èdè òun ti ní àdó olóró mẹ́fà rí, àti pé àwọn ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Oṣù mẹ́tàlá, ojú kan náà

Ibùdó tuntun tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 2011 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó máa ń dúró síbẹ̀ látọdún dọ́dún tó bí ogún, wọ́n lè lé díẹ̀: àwọn tó ń wọn ojú ọjọ́, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ àti síìlì, ẹnjiníà, ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, àti ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n ń lò. Bí ọkọ̀ bá ti já wọn sílẹ̀ tó lọ, ó parí nìyẹn. Bí ìyá ẹni kú nílé, èèyàn á gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní í débi ìsìnkú. Bí ẹ̀hónú bá wà láàárín ẹni àti ẹnìkejì, wọ́n á tún jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

Iṣẹ́ àwọn tó ń ka ẹyẹ ló le jù. Wọ́n á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á rìn láti ahéré kékeré kan dé òmíràn yíká erékùṣù náà, nínú àbàtà tó lè gbé èèyàn mì dé ìdí. Aṣọ kì í gbẹ, bàtà kì í gbẹ. Bí wọ́n bá padà dé ibùdó, ilé gbígbóná àti oúnjẹ tí ojúgbà wọn sè ni wọ́n ń lé.

Èèyàn ṣáà ni èèyàn. Lọ́dún 2017, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ sì fi àáké kọlu yàrá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gúúsù Áfíríkà. Ẹ ronú wò: bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa, ẹnì kan á kó jáde lọ́jọ́ kejì. Ní Marion, ibo lẹ fẹ́ kó lọ?

Ológbò márùn-ún

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sídìí ọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibùdó náà bá eku níbẹ̀. Eku ń wọ ilé ìdáná wọn, ó ń jẹ oúnjẹ wọn. Ohun tí gbogbo wa ì bá ṣe ni wọ́n ṣe: lọ́dún 1949, wọ́n gbé ológbò márùn-ún wá láti ilé.

Ológbò jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Eku kékeré tó ń sá rèé, ẹyẹ tó sanra tó jókòó sínú ihò, tí kò mọ bí wọ́n ti ń sá, rèé. Èwo nínú méjèèjì lẹ rò pé ológbò yóò mú? Wọ́n fi eku sílẹ̀, wọ́n gbá ẹyẹ mú. Wọ́n sá kúrò nílé, wọ́n di ẹran ìgbẹ́, wọ́n ń bímọ nínú ihò àpáta. Lọ́dún 1975, ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹyẹ tó lé ní 450,000 ni àwọn ológbò náà ń pa láàárín ọdún kan. Nígbà tó fi máa di 1977, ológbò márùn-ún ti di nǹkan bí 3,400. Àwọn irú ẹyẹ kan tán pátápátá lórí erékùṣù náà.

Lọ́dún 1977 yẹn ni wọ́n mú kòkòrò àrùn kan tó ń pa ológbò nìkan, wọ́n fi sára ológbò mélòó kan, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ kó o ran àwọn yòókù. Ó pa wọ́n lóòótọ́. Nígbà tó di 1982, nǹkan bí 600 ló kù. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn kò pa, apá àrùn kò ká wọn mọ́. Ó wá di ti ìbọn. Láti 1986, àwọn ọdẹ ń jáde lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn, nínú òjò, nínú yìnyín, wọ́n ń yìnbọn pa ológbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dẹ tàkúté, wọ́n fi májèlé sẹ́ran. Ọdún 1991 ni wọ́n mú èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ fọwọ́ kà á: ohun tí wọ́n fi ọjọ́ kan gbé débẹ̀ nínú ọkọ̀, ọdún méjìlélógójì ló gbà kó tó kúrò.

Ẹ̀yin náà sì mọ òwe náà: bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté.

Eku kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun

Kì í ṣe pé ológbò kúrò nìkan ló fà á o. Ayé tún ń gbóná. Láàárín 1969 sí 1999, ooru Marion fi 1.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbéra, òjò ibẹ̀ sì dín kù. Ìgbà òtútù tó máa ń pa eku kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, eku ń bímọ sí i, ó ń bímọ sí i, ó lé ní mílíọ̀nù. Wọ́n jẹ kòkòrò ibẹ̀, títí kan àfòpiná arìnlẹ̀ yẹn, títí ó fi kù díẹ̀. Nígbà tí ebi dé, wọ́n bojú wo ibòmíràn.

Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọmọ albatross tí eku ti jẹ lára ní Marion. Lọ́dún 2009, wọ́n rí àwọn ọmọ ẹyẹ tí eku ti bó awọ orí wọn láàyè. Lọ́dún 2015, ó ti kárí erékùṣù náà. Lọ́dún 2023, ó kọjá ọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n rí àgbà albatross tí eku pa.

Báwo ni eku ṣe ń ṣe é? Òru ló ń wá. Albatross á jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀, eku á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹyẹ náà kò ní í dìde, kò ní í fi ẹnu ńlá rẹ̀ ṣá a. Kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú ìtàn ìran rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń yé síbẹ̀, kò sí ẹran tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó bá wọn jà rí. Ó jókòó, eku ń jẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, egbò á ti wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún ṣú, eku á padà wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kú.

Ẹyẹ yìí kì í bímọ bí adìyẹ. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì. Ọmọ náà á jókòó sójú kan fún bí oṣù mẹ́sàn-án, gbogbo ìgbà òtútù, tí bàbá àti ìyá ń lọ sójú òkun, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún un. Òru kan ṣoṣo ti tó fún eku láti bẹ̀rẹ̀ sí í ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé nínú irú ẹyẹ méjìdínlọ́gbọ̀n tàbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ń pamọ níbẹ̀, eku lè lé èyí tó pọ̀ jù lọ kúrò ní Marion pátápátá.

Ogun tó ń bọ̀

Ìjọba Gúúsù Áfíríkà àti ẹgbẹ́ BirdLife South Africa ti pawọ́ pọ̀ báyìí, wọ́n ní àwọn yóò pa gbogbo eku Marion run. Hẹlikọ́pítà ni yóò fọ́n oúnjẹ tí májèlé wà nínú rẹ̀ sórí gbogbo erékùṣù náà, nínú ìgbà òtútù tí ebi ń pa eku gan-an, tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ sì ti lọ sójú òkun. Bí 600 tọ́ọ̀nù ni májèlé náà yóò jẹ́. Owó tí yóò ná wọn lé ní 25 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ń bẹ gbogbo ayé pé kí ẹni tó bá lè ṣe é dá owó hẹ́kítà kan, nínú nǹkan bí 30,000 hẹ́kítà. Nítorí owó àti ìmúrasílẹ̀, wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn tó ń ṣe ètò náà mọ̀ pé májèlé kò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí eku. Àwọn ẹyẹ kan tí kì í kúrò nílé nígbà òtútù yóò jẹ nínú rẹ̀, wọ́n yóò sì kú. Wọ́n ní ó sàn kí ìwọ̀nba kú lẹ́ẹ̀kan ju kí gbogbo rẹ̀ tán lọ. Ṣé ó lè bọ́ sí i? Ó bọ́ sí i fún Ọsirélíà ní erékùṣù Macquarie, wọ́n kéde lọ́dún 2014 pé eku ti tán níbẹ̀. Ó bọ́ sí i ní South Georgia, wọ́n kéde tirẹ̀ lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Gough, níbi tí Gúúsù Áfíríkà náà ti ní ibùdó ojú ọjọ́, wọ́n fọ́n májèlé lọ́dún 2021, inú gbogbo èèyàn dùn. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀rọ ayàwòrán wọn gbé eku kan. Bí akọ kan àti abo kan bá kù, gbogbo owó náà ti wọgbó.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń mójú tó ti eku, ní 2024, àrùn adìyẹ tó ń kárí ayé tún yọjú sí Marion, ó ń pa ẹyẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́dún náà ló ń rìn láàárín wọn, tí wọ́n ń ka òkú.

Lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀ lọ sí Marion, wọ́n á tú àpò rẹ̀, wọ́n á fọ bàtà rẹ̀, wọ́n á yẹ inú àpò aṣọ rẹ̀ wò, bóyá èso koríko kan há síbẹ̀. Prince Edward tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí eku kò dé rí, wọn kì í jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gan-an lọ síbẹ̀, àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mélòó kan péré. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí eku àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọn ì bá fi tẹ̀ ẹ́ pa. Hẹlikọ́pítà àti 600 tọ́ọ̀nù májèlé ni wọ́n ń wá kiri báyìí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.